Màmá, Ọmọ Odó Bọ́ Lọ́wọ́ Mi

Màmá mi, ẹni tó kọ́ mi ní iyán gígún,

Ara mi yá. Ìyẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ kí àyà yín má baà já, torí pé ibi tí kò dára ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé èmi ni mo gba ilé oúnjẹ yín ní Agbonou. Mi ò yí nǹkan púpọ̀ padà. Odó yín ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn awakọ̀ ṣì ń yà jẹun lọ́sàn-án, wọ́n sì ṣì máa ń bèèrè ẹran ìgbẹ́ lọ́jọ́ tí kò bá sí. Afi ló ń bá mi ṣiṣẹ́ níbẹ̀ báyìí. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn tí ẹ dágbére fáyé ni Yao àbúrò mi fẹ́ ẹ. Ọmọ Elavagnon ni, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ ni, ó sì mọ iyán yí. Èmi á máa gún, òun á máa fọwọ́ yí i nínú odó, bí èmi náà ṣe máa ń yí i fún yín.

Ọwọ́ ọ̀tún ló bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti gúnyán tán, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e á kú, á wá máa ṣe mí bí ẹni pé èèrà ń rìn lábẹ́ awọ. Oorun gan-an kò dùn mọ́. Tí mo bá jí láàárọ̀, mo máa ń gbọn ọwọ́ náà títí á fi padà bọ̀ sípò. Ibi tí mo ti ń gbọ̀n ọ́n lọ́jọ́ kan ni mo ti rántí yín, mo sì dúró gbagidi. Bí ẹ ṣe máa ń ṣe lẹ́nu ọ̀nà nìyẹn kí ẹ tó dáná, bí ẹni tó ń gbọn omi dànù. Àwa ọmọ rò pé àṣà yín lásán ni, a tiẹ̀ máa ń sín yín jẹ. Ṣé ó ń dùn yín ni, Màmá? Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ń fi ọwọ́ òsì gbé ife? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún ẹnì kankan?

Èmi náà ò sọ. Mo ń fi òróró gbígbóná pa á, mo ń fi aṣọ dì í, mo sì ń gún lọ. Nǹkan ń já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò lè yọ egungun lára ẹja mọ́. Mo ní yóò lọ.

Lọ́jọ́ ọjà kan, èrò pọ̀. Iyán ti ń fà, Afi ń yí i, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ń hu eyín. Mo gbé ọmọ odó sókè, ọwọ́ mi sì kú. Mi ò mọ̀ pé mo ti tú u sílẹ̀. Ó gbá etí odó, ó yẹ̀, ó sì ha ẹ̀yìn ọwọ́ Afi kọjá. Ó ké. Ẹ̀jẹ̀ kán sórí iyán funfun. Gbogbo àwọn tó ń jẹun ló dìde.

Eegun kò ṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Afi fúnra rẹ̀ ló wá bá mi, ó fi aṣọ di ojú ọgbẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín.”

“Ìwọ lo fara pa, kì í ṣe èmi.”

“Mo ti ń wò yín látìgbà òjò. Ẹ ò lè di ẹ̀ṣẹ́ mọ́. Ẹ̀yin ò sọ, ẹ̀rù sì ń ba èmi náà láti sọ. Tí ẹ ò bá lọ ilé ìwòsàn, mi ò ní ti ọwọ́ bọ odó yẹn mọ́.”

Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

A ti ilẹ̀kùn lọ́jọ́ kejì, a gun zémíjàn, ọ̀kadà akérò, lọ sí ilé ìwòsàn ní Atakpamé. Dókítà ní kí n lọ rí ọkùnrin kan tó ń kọ́ aláìsàn bí wọ́n ṣe ń lo apá àti ẹsẹ̀. Ọkùnrin náà fi ìka kan ọrùn ọwọ́ mi, ó dà bíi pé iná mànàmáná gbé mi. Ó ní iṣan tó ń lọ sí ìka ń gba ọ̀nà tóóró kan kọjá níbẹ̀. Iṣẹ́ kan náà tí mo ń ṣe lójoojúmọ́ ló mú kí ibẹ̀ wú, tó sì ń fún iṣan náà pọ̀.

Mo bi í bóyá kí n pa ilé oúnjẹ tì.

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, Tàǹtí. Ẹ kọ́kọ́ sinmi ná. Lẹ́yìn náà, a ó wá tún ọwọ́ yìí kọ́.”

Ó fún mi ní ohun kan tí mo ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ tí mo bá fẹ́ sùn, kó má baà ká. Ó kọ́ mi láti máa na ìka, kí n máa di ẹ̀ṣẹ́, kí n máa fi sùúrù tẹ ọwọ́ síwá sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni mo ti ń ṣe é, nígbà tí iṣu bá wà lórí iná. Nígbà tí ìrora fúyẹ́, ó ní kí n máa fi ìgò tí mo rọ iyẹ̀pẹ̀ sí gbé ọwọ́ sókè sódò, kó lè lágbára. Kò yá rárá. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo sunkún lórí ìgò yẹn.

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́ tí mo bá sọ ẹni tó gúnyán fún wa. Yao ni! Yao yín tí kì í fọwọ́ kan odó. Á ti oko dé lọ́sàn-án, á bọ́ ẹ̀wù, á bẹ̀rẹ̀. Àwọn awakọ̀ kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n wá jẹ ẹ́, wọ́n ní ká bù sí i. Iyán rẹ̀ kì í ní kókó.

Mo ti padà sídìí odó báyìí, ṣùgbọ́n èmi àti Yao la jọ ń gún un. Káfíńtà gbẹ́ ọmọ odó tó fúyẹ́ fún mi. Mi ò fún un mọ́wọ́ pinpin mọ́, mo ń jẹ́ kí ọrùn ọwọ́ mi wà ní títọ́, tó bá sì ti rẹ̀ mí, mo máa ń dúró. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gún un padà, mo wo Afi. Ó fọ ọwọ́, ó tì í bọ inú odó, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó wù mí kí ẹnì kan ti rí ọwọ́ tiyín bí Afi ṣe rí tèmi.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo di irun Rébékà ọmọ mi torí Máàsì tí a fẹ́ lọ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Irun rẹ̀ nípọn bíi tiyín. Ó ti pẹ́ tí aládùúgbò ti ń bá mi dì í. Mo jókòó, mo fi í sáàárín orúnkún mi, mo sì ń mọ gbogbo fọ́nrán irun náà lábẹ́ ìka mi. Ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní, “Màmá, ẹ rọra! Ó le jù!”

Mo bú sẹ́rìn-ín, omi bọ́ lójú mi. Ó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti sọ fún mi pé ọwọ́ mi le.

Èmi ọmọ yín obìnrin, tí mo fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ yín láti Agbonou.