Àmì Bírò Lábẹ́ Orúnkún

Ojúlé Kẹrìndínlógún,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìfìwéránṣẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Tíṣà mi, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyá ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́ díẹ̀? Ọmọ tuntun ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn? Ìwọ fúnra rẹ, o kú iṣẹ́, o kú ooru ààrò búrẹ́dì, o kú ìdúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Tí o bá béèrè wa, àlàáfíà la wà. Ìyá mi ní kí n kí ẹ, wọ́n ní o ti gbàgbé ọ̀nà ilé wa. Mo ní o ò gbàgbé, iṣẹ́ ni ò jẹ́.

Lẹ́tà rẹ tó kẹ́yìn ṣì wà nínú àpò épúrọ́ọ̀nù mi, ó ti fẹ́ ya níbi tí mo ti ń ṣẹ́ ẹ po. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ìwé tí a kà, inú ìyẹ̀fun ló wọlé sí, pé láti ìgbà tí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì ò ti gbà ẹ́, o ò rí ìwúlò ohunkóhun tí o há sórí. Mi ò tètè fèsì nítorí mi ò mọ ohun tí mo lè sọ tí kò ní dà bí ìtùnú lásán. Mo ti rí i báyìí. Jókòó dáadáa kí n ròyìn fún ẹ.

Ṣé o rántí egungun inú yàrá sáyẹ́ǹsì wa, èyí tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti sọnù láti orúnkún wálẹ̀? Nígbà tí ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́ta, o ní kí n na ẹsẹ̀ mi sórí bẹ́ǹṣì, o sì fi bírò búlúù ya gbogbo ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ sí mi lára. O ya egungun ńlá ojúgun àti èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tó fara tì í lápá ìta. O ya méje tó kó ara wọn jọ láti gìgísẹ̀ dé àárín ẹsẹ̀, márùn-ún tó tẹ̀ lé wọn, àti mẹ́rìnlá inú àwọn ọmọ ìka. O ní tí n ò bá ka mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tìsàlẹ̀ yẹn pé, a ò ní lọ sílé. Lẹ́yìn náà lo fi àmì bí àgbélébùú sí ìsàlẹ̀ orúnkún mi lápá ìta, lórí kókó kékeré tó jẹ́ orí egungun tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. O ní iṣan tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ sókè, tó sì ń jẹ́ kí òkè ẹsẹ̀ mọ ìfọwọ́kàn, ń yí egungun ká níbẹ̀, pé awọ ara nìkan ló bò ó, kò ní ẹran tó máa gbà á sílẹ̀ tí nǹkan bá tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ mẹ́rin ni kànìnkànìn ò fi lè bọ́ bírò yẹn. Ìyá mi ní ṣé ilé-ìwé ni mo lọ ni àbí wọ́n fi mí ṣe pátákó ìkọ̀wé.

Àmì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

O mọ̀ pé ọdún kẹta rèé tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ bàtà lọ́dọ̀ Ọ̀gá. Àwa mẹ́ta la wà níwájú ṣọ́ọ̀bù: Ọ̀gá, èmi Dákẹ́, àti jọ́ńmàn kan tó ti kọ́ṣẹ́ parí, tí a ń pè ní Gọ́ọ̀mù, nítorí pé gọ́ọ̀mù máa ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò lẹ ẹnu rẹ̀ pọ̀ rí. Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, ń rán awọ inú bàtà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọ̀gá kì í lo tábìlì. Orí orúnkún òsì ló ti ń rán bàtà. Bẹ́líìtì awọ kan ló fi ń dè é mọ́lẹ̀: á gba orí bàtà kọjá, á sọ̀ kalẹ̀ lọ́tùn-ún lósì ojúgun rẹ̀, á gba abẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀, tí ó bá sì ti fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, bàtà ò ní lè mira mọ́. Ìparí ọdún tó kọjá ni bẹ́líìtì àtijọ́ já. Ọ̀gá gé òmíràn lára àpò ìrìn-àjò kan tó ti gbó, pẹ̀lú irin ìdè rẹ̀ tó nípọn bí ìdérí ìgò.

Nígbà tó tó bí oṣù méjì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹsẹ̀ Ọ̀gá. O mọ̀ mí, mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ èèyàn kí n tó gbójú sókè. Tọ́tùn-ún ń balẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, gìgísẹ̀ á ṣáájú, ìka á tẹ̀ lé e. Tòsì ń balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pà! Ó wá ń gbé orúnkún sókè bí ẹni tó fẹ́ ré ìloro kọjá lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú.

Gọ́ọ̀mù ní, "Ọ̀gá, bàtà yín ń pàtẹ́wọ́ fún yín o!"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́. Àtẹ́lẹ̀ ló tú."

Àmọ́ mo ti yẹ bàtà náà wò nígbà tó bọ́ ọ sílẹ̀. Àtẹ́lẹ̀ ò tú. Imú rẹ̀ ló ti yún, bí ohun tí wọ́n ń wọ́ lórí òkúta.

Kò pẹ́ ni ó ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Màmá figbe ta. Àbúrò Ọ̀gá wá kí wa, ó wo ẹsẹ̀ náà láti orí àga tó jókòó sí, ó ní àrùn rọpárọsẹ̀ ló ń yọ́ wọlé, kí ẹ̀gbọ́n òun lọ jókòó jẹ́ẹ́ sílé. Ọ̀gá ò jiyàn. Lọ́jọ́ Ajé, ó sọ fún wa pé tí oṣù bá parí, òun máa ti ṣọ́ọ̀bù pa, òun á lọ máa gbé lọ́dọ̀ àkọ́bí òun obìnrin. Ó ní òun ò lọ sí ilé ìwòsàn kankan kí wọ́n wá sọ ohun tí òun ti mọ̀ fún òun. Ó ní kí n wá ọ̀gá mìíràn tó máa bá mi parí iṣẹ́ kíkọ́ mi. Ògiri ló kọjú sí sọ̀rọ̀. Ó ń nu àwọn òòlu rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sínú àpótí.

Tíṣà, mo gbé oúnjẹ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo kàn ń wo Ọ̀gá. Ẹnu rẹ̀ ò wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń já geere. Ó ti okùn bọ ojú abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tí mo kéré máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wá fa bàtà oníbàtà kan sórí orúnkún kó lè parí rẹ̀, ó di bẹ́líìtì, ó tẹ̀ ẹ́. Irin ìdè náà jókòó sí ìsàlẹ̀ orúnkún rẹ̀ lápá ìta, lórí àgbélébùú rẹ gẹ́lẹ́.

Mo dìde. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan."

"Háà! Ẹ pa rédíò," ni Gọ́ọ̀mù wí, "Dákẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀!"

Mo bẹ Ọ̀gá kó bọ́ bàtà. Mo gbé ọwọ́ mi sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo ní kó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń tẹ bíréèkì ọkọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní kó gbé e sókè. Ẹsẹ̀ ò gbọ́. Mo fi etí awọ kan rìn ín ní àtẹ́lẹsẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Mo fi awọ kan náà fà á lókè ẹsẹ̀, láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e, ó ní, "O ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti parí. Ẹ̀rín kúrò lójú gbogbo wa.

Mo mú bírò fàdákà tí a fi ń sàmì sí awọ, mo sàmì sí ibi tí irin náà ń tẹ̀. Mo sọ ohun tí o sọ fún mi. Mi ò ní mo mọ̀ ọ́n dájú. Mo ní kí dókítà wò ó ná kó tó ti ṣọ́ọ̀bù ogójì ọdún pa. Màmá ti wé gèlè rẹ̀ kí Ọ̀gá tó lanu.

Àwa mẹ́ta la jọ lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan ló sì yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kó na ọwọ́, kó fẹ eyín. Dókítà wá rí àmì fàdákà náà, ó fi ìka kàn án níbẹ̀, kó kó, Ọ̀gá sì fò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní iná jó òun dé ọmọ ìka.

"Ta ló sàmì síbí?"

Màmá nawọ́ sí mi.

"Ṣé ilé-ìwé ìṣègùn lo wà ni?"

"Rárá, mà. Bàtà ni mò ń rán."

Ó ní kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Ó ní wọ́n ti fún iṣan náà lọ́rùn, ṣùgbọ́n kò tíì kú, pé tí a bá tún fi oṣù mélòó kan sí i, òun ò ní lè ṣèlérí. Kí Ọ̀gá sọ bẹ́líìtì yẹn nù, kó má gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ mọ́, kó wọ ike kan tó ń gbé iwájú ẹsẹ̀ dúró, kó sì máa ṣe eré ìdárayá tí wọ́n kọ́ ọ. Kó ní sùúrù.

Sùúrù náà ló le jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà la fi wo ẹsẹ̀ yẹn bí ẹni tó ń wo omi lórí iná. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, mò ń gé àtẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀gá pè mí, ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní, "Dákẹ́, wá wo nǹkan." Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí àpótí, ní ìhòòhò. Àtàǹpàkò náà gbọ̀n. Ó dúró. Ó wá gbéra sókè díẹ̀, bí onítìjú tó fẹ́ kí èèyàn. Ọ̀gá ń nu ojú, ó ní gọ́ọ̀mù ló ta sí òun. Tíṣà, agolo gọ́ọ̀mù wà ní dídé.

Kò lọ sílé àkọ́bí rẹ̀ mọ́. Ó ti kó àwọn òòlu jáde, ó sì ní kí káfíńtà kan àwọn igi méjì mọ́ bẹ́ǹṣì tí yóò máa di bàtà mú. Nígbà tó bi mí ẹni tó kọ́ mi, mo ka lẹ́tà rẹ fún un, títí dé ibi ìyẹ̀fun. Ó ní kí n ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá ní bàtà àkọ́kọ́ tí òun máa rán lórí bẹ́ǹṣì tuntun yìí, tìrẹ ni, èyí tó máa gba ìdúró níwájú ààrò.

Nítorí náà, bébà méjì ló wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Dúró lé e lórí, má jókòó, nítorí ẹsẹ̀ máa ń fẹ̀ tí ara bá tẹ̀ ẹ́. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ẹ fi pẹ́ńsù yí i ká, kó mú pẹ́ńsù dúró ṣánṣán. Ya méjèèjì, wọn kì í dọ́gba. Má ṣe é láàárọ̀. Ìgbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni kí o ṣe é, kí a lè mọ bí ó ṣe ń wú tó.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọ̀gá dúpẹ́. Màmá dúpẹ́, wọ́n ní orúkọ rẹ ò ní wọ́n nínú àdúrà àwọn. Gọ́ọ̀mù náà dúpẹ́, ó ń bi mí bóyá o ti ní ẹni tí ẹ jọ ń sọ̀rọ̀. Mo ní kó gbájú mọ́ agolo rẹ̀. Bá mi kí Ìyá, bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ, fi ẹnu kan ọmọ náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ fún mi.

Mo mọ̀ pé ìyẹ̀fun máa wà lẹ́sẹ̀ rẹ nígbà tí o bá dúró lórí bébà yẹn. Ọ̀gá ní kí o má gbọ̀n ọ́n dànù. Jẹ́ kó bá a wá.

Èmi ni, pátákó ìkọ̀wé rẹ,
Dákẹ́.