Ọmọláńgidi Mọ́kànlá Tí Ọkọ Mi Fi Sílẹ̀

Èmi, Edith Olúwakẹ́mi Ọdẹkúnlé, olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìntì ní Ìlaró, opó Gbọ́lá Ọdẹkúnlé tí mo ń pè ní Bàbá Ìtẹ́, ni mo ni ọ̀rọ̀ inú ìwé ìpíngún yìí. Ọpọlọ mi pé. Ojú mi ń ríran, etí mi sì ń gbọ́ ju bí àwọn kan nínú ẹbí yìí ṣe rò lọ. Kò sí ẹni tó fipá mú mi kọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan gbìyànjú. Báyọ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni mo yàn láti mú un ṣẹ. Mi ò fọkàn tán an tán, ṣùgbọ́n òun ló ń bẹ̀rù mi jù nínú gbogbo wọn.

1. Ilé mi ní Ìlaró di ti Ìtẹ́olúwakìíṣí, ọmọ mi kan ṣoṣo. Inú ilé yìí ni Bàbá Ìtẹ́ ti máa ń gbàdúrà láràárọ̀ pé kí Ọlọ́run jẹ́ kí alẹ́ wa sàn ju àárọ̀ wa lọ, èmi á sì ṣe àmín. Kó má ṣe tà á. Lẹ́ẹ̀mejì ló ti bi mí níbi tí ìwé ilé wà, ó ní kí òjò má baà pa á ni. Ilé mi kì í jò.

2. Oko Ìdógò àti ewúrẹ́ mẹ́rin tó wà níbẹ̀ di ti Nàfíù, àbúrò ọkọ mi. Márùn-ún ni ewúrẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ó ní ejò bu ọ̀kan jẹ. Mo ní kó mú awọ rẹ̀ wá kí n rí i, awọ náà kò tíì dé di òní.

3. Ọmọláńgidi mọ́kànlá tí ọkọ mi fi sílẹ̀, ẹ̀rọ géèmù wọn àti àwo pẹlẹbẹ tó ń tàn, kí wọ́n dáná sun wọ́n. Lábísí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọ̀kankan.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Àwọn ọmọ Ìtẹ́ ló ni nǹkan wọ̀nyí. Nígbà tí wọ́n dàgbà kọjá wọn, bàbá wọn àgbà gbà wọ́n. Bí ènìyàn bá ń gbá géèmù náà, á dé ibi tí ilẹ̀kùn ti tì, kò sì ní ṣí àfi kó gbé ọmọláńgidi tó yẹ lé orí àwo. Ọmọláńgidi náà á wá yọ nínú tẹlifíṣọ̀n, á máa rìn, ilẹ̀kùn á sì ṣí. Ohun kan wà ní ìdí rẹ̀ tí kì í gbàgbé: orúkọ tí o bá sọ ọ́ kò ní kúrò lára rẹ̀, bí o tilẹ̀ gbé e dé Ìwòyè-Kétu. Lábísí, ọmọbìnrin tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà nílé ìwé wa nígbà náà, ló kọ́ Bàbá Ìtẹ́ ní géèmù náà. Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwọn méjèèjì á jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń ṣọ́ wọn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, mo wọlé bá ọmọláńgidi obìnrin kan, aláṣọ àlùkò, lórí àwo. Lókè orí rẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́: ALE MI. Àlè mi! Nínú ilé tèmi! Mi ò béèrè nǹkan kan. Mo kó ẹrù mi lọ sí yàrá kejì, mo sì ní kí ìjọ yọ Lábísí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n yọ ọ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà ni Bàbá Ìtẹ́ kú. Nínú oṣù márùn-ún yẹn, oúnjẹ rẹ̀ kò wọ́n rí, ṣùgbọ́n mi ò bá a sọ̀rọ̀, mi ò sì ṣe àmín sí àdúrà rẹ̀ mọ́.

4. Lọ́yà mi ní a kì í pàṣẹ lórí ohun tí a kò kà. Ó ní kí n kọ orúkọ ọmọláńgidi kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà lò mọ́ àfi Lábísí. Báyọ̀ lọ mú un wá láti Àfọ̀n, níbi tó sá lọ máa kọ́ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ń wo báàgì rẹ̀.

Ó ń gbé wọn lé àwo lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń kọ. Orúkọ òyìnbó ló wà lára mẹ́jọ àkọ́kọ́. Ìkẹsàn-án ni AARO MI. Mo kọ "ààrò mi". Mo ní oúnjẹ ló ń rò. Ìkẹwàá ni OSAN MI. Mo kọ "ọsàn mi", torí Bàbá Ìtẹ́ fẹ́ràn ọsàn mímu. Ìkọkànlá ni aláṣọ àlùkò: ALE MI. Bírò dúró lọ́wọ́ mi. Àárọ̀ mi. Ọ̀sán mi. Alẹ́ mi.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní àmì ohùn. Èmi ni mo máa ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí kò bá lámì, ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń kà á ni yóò kà síbẹ̀. Ẹ̀rọ òyìnbó kò ní àmì. Èmi ni mo fi àmì sí i, ìfura ni mo sì fi sí i. Lábísí ní aláṣọ àlùkò ló máa ń ṣí ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, àti pé Bàbá Ìtẹ́ yàn án nítorí aṣọ àlùkò tí mo wọ̀ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìntì. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí. Ó ní Màmá ò bi òun. Mo sunkún níwájú rẹ̀, ojú sì tì mí gidigidi.

5. Lọ́yà ní kí n ya ojú-ewé tí ìpín kẹta wà, kí n tún un kọ. Mo kọ̀. Nínú kíláàsì mi, a kì í ya ojú-ewé tí a bá ṣì kọ. A ó fa ìlà lé e, a ó kọ àtúnṣe sábẹ́ rẹ̀. Mo ti fa ìlà náà. Àtúnṣe rẹ̀ nìyí: ọmọláńgidi mẹ́wàá, ẹ̀rọ àti àwo di ti Lábísí. Ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni n ó ka ìpín kẹrin sétí ìjọ. Bí mo bá kú kó tó di Sọ́ńdè, kí Báyọ̀ kà á, kó má sì fo ìlà kankan.

6. Aláṣọ àlùkò, ẹ fi í sí mi lọ́wọ́ nínú pósí. Lórí òkúta ibojì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Ìtẹ́, ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: Alẹ́ Mi. Kí Báyọ̀ dúró ti ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Bó bá gbàgbé àmì tó wà lórí "ẹ́" tàbí èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kó lọ wá òkúta mìíràn, kó tún un gbẹ́. Mo ti mọ ohun tí ènìyàn lè kà síbẹ̀.

Ọwọ́ mi ló wà nísàlẹ̀ yìí, ní Ìlaró, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2025.

E. O. Ọdẹkúnlé

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ṣojú wọn:
Dayọ̀ Adéwùnmí, olùkọ́
Toheebat Basit, aládùúgbò

Lábísí kò lè fọwọ́ sí i, torí ó ti di ajogún. Òun ló di ìwé náà mú kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e.