Òrùka Kan Lára Ẹ̀wọ̀n

Ọjọ́ Àìkú, 18 Oṣù Kejìlá 2005

Wọ́n nà wá. 20 sí 17, ní bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà. Ọ̀gágun Ojú Omi ni ìwé ìròyìn ń pè wọ́n. Nínú ìwé tèmi yìí, Ológbò ni wọ́n. Yíyọ́ ni wọ́n máa ń yọ́ rìn.

Kì í ṣe pé n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń gba ìyà mọ́ra. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń bá wọn gbé ẹ̀wọ̀n létí pápá Alágbẹ̀dẹ, ẹgbẹ́ wa, ẹ̀wọ̀n irin tó so ọ̀pá méjì pọ̀, tá a fi ń wọn yáàdì mẹ́wàá tí ẹgbẹ́ tó ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fi ìgbìyànjú mẹ́rin gbà; kí ló kù tí ojú mi ò tíì rí? Ṣùgbọ́n tòní kọjá ìyà. Ẹ̀gbẹ́ àwọn àlejò ni àwa tí ń gbé ẹ̀wọ̀n máa ń dúró sí, nítorí náà iwájú mi gan-an ló ti ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ ẹ̀wù wọn, irùngbọ̀n pupa, aṣọ ìnura lọ́wọ́. Kámẹ́rà kékeré wà lábẹ́ aṣọ náà. Kóòṣì wa ló dojú rẹ̀ kọ ní òdìkejì pápá. Gbogbo ìgbà tí kóòṣì bá fọwọ́ kan etí, tó fọwọ́ kan imú, tó ń fi àmì sọ fún àwọn ọmọ wa bí wọ́n ṣe máa dúró — Irùngbọ̀n ti ká a sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di abala kẹta, wọ́n ti mọ ohun tá a fẹ́ ṣe kí àwa fúnra wa tó mọ̀ ọ́n.

N kò sì lè pariwo. Òfin ni. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀wọ̀n kì í pàtẹ́wọ́, kì í wọ àwọ̀ ẹnikẹ́ni, kì í sọ̀rọ̀. Mo gé ètè mi jẹ títí ó fi ṣẹ̀jẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 19

Gus ń kó yìnyín níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí mo jáde. Aládùúgbò mi ni, ọmọ ìlú àwọn Ológbò. Ìyàwó ló gbé e wá síbí láti ọdún méjìlélógún, síbẹ̀ àsíá wọn kò kúrò ní ìloro rẹ̀. Ó ní, “Ẹlẹ́wọ̀n! Ẹ kú ọ̀fọ̀ o! Ṣé ẹ ti sin òkú àná?” Mo ní olè ni wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ṣọ́bìrì. “Ray, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gbá ló ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá lólè. Ẹ̀rí dà?”

Èmi ni ẹ̀rí.

Mo kó yìnyín tèmi náà. Atẹ́gùn gbé díẹ̀ lọ sórí mọ́tò rẹ̀. Ṣé èmi ni mo ń fẹ́ atẹ́gùn ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 20

Mo sọ fún Ọ̀gá Tibbs. Olórí àwa tí ń gbé ẹ̀wọ̀n ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ó fi ọgbọ̀n ọdún pín lẹ́tà kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì kọ́ mi níṣẹ́ klíìpù: irin pupa kékeré tí mo ń fi sára ẹ̀wọ̀n níbi tó ti kọjá lórí ilà funfun. Tí rẹfirí bá ní ká gbé ẹ̀wọ̀n wọ pápá wá wọn bọ́ọ̀lù, klíìpù yẹn ni yóò gbé lé orí ilà kan náà, kí ọ̀pá tó wà níwájú lè balẹ̀ síbi tó yẹ ẹ́. Tí klíìpù bá purọ́, gbogbo ẹ̀wọ̀n ló purọ́. Bó ṣe kọ́ mi nìyẹn.

Ó jẹ páì rẹ̀ tán kó tó fèsì. “Ray, ṣé ojú rẹ ló rí i ni, àbí ọkàn rẹ?” Mo ní ojú ni, sà. Ó ní ohun tá a bá rí létí pápá, létí pápá ló ń gbé, pé ọjọ́ tí a bá ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan, a kúkú lè lọ so ajá mọ́ ẹ̀wọ̀n náà. Ó ní tí mo bá lọ bá àwọn oníròyìn, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn. Kí n jẹ́ kí òun rò ó.

Ó ń rò ó! Irùngbọ̀n ò rò ó ní tiẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 22

Kì í ṣe ojú mi nìkan ló fura. Ìwé ìròyìn òwúrọ̀ ní ẹgbẹ́ méjì mìíràn ti fẹjọ́ àwọn Ológbò sùn. Àjọ líìgì ní àwọn máa wádìí. Mo jẹun dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

Ọjọ́ Àìkú, 25

Kérésìmesì. Lorna ìyàwó mi ti kìlọ̀ pé òun ò fẹ́ gbọ́rọ̀ bọ́ọ̀lù nídìí tábìlì. Mo gbìyànjú. Mo fara dà á títí tí wọ́n fi gé ẹsẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kóòṣì, ni Lorna bá sọ fọ́ọ̀kì kalẹ̀. “Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé bọ́ọ̀lù ló bí ẹ ni? Jésù la ń ṣọjọ́ ìbí ẹ̀ níbí!”

Ọjọ́ Ẹtì, 30

Ìwádìí ti parí. Ọjọ́ mẹ́jọ péré! Wọ́n fún Ológbò ní lẹ́tà ìkìlọ̀. “A kò rí ẹlẹ́rìí kankan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀.”

Ẹlẹ́rìí kankan. Èmi tí mo jìnnà sí i ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà! Mo pe Ọ̀gá Tibbs. Ó ní, “Mo gbọ́, Ray. Mo ṣì ń rò ó.” Inú ń bí mi débi pé bírò mi ti lu ìwé yìí já.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kìíní 2006

Àwa àti Ológbò tún ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pápá wa. Ẹni tó bá pàdánù, ó di sáà tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 8

A borí. 13 sí 10. N kò lè kọ ohunkóhun.

Ọjọ́ Ajé, 9

Kí n má parọ́ fún ìwé ara mi.

Irùngbọ̀n tún wà níbẹ̀ lánàá. Aṣọ ìnura kan náà. Lẹ́tà ìkìlọ̀ ọ̀hún, àfi bíi pé wọ́n fi dáná. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, àwọn ló ni bọ́ọ̀lù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbìyànjú mẹ́rin tuntun, mo sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti fi klíìpù sí i. Irùngbọ̀n fẹ̀yìn rìn, ó tẹ̀ mí lọ́wọ́ mọ́lẹ̀. Kò tiẹ̀ wo ẹ̀yìn. Ó kàn ní, “Sún, bàbá, mò ń ṣiṣẹ́.”

Iṣẹ́!

Mo mú klíìpù kúrò lórí òrùka tó yẹ kó wà, mo fi í sí òrùka tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Òrùka kan péré, ọ̀pá iwájú á sì sún síwájú díẹ̀. Kò ju ìka mẹ́ta lọ. Ọwọ́ mi kò yọ̀. Yìnyín kọ́ ló fà á. Mo mọ̀ ọ́n ṣe. Mo sọ fún ara mi pé kò ní já mọ́ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kan nínú eré mélòó la máa ń wọn bọ́ọ̀lù?

Lórí ìgbìyànjú kẹrin, ọmọ wọn kan gbé bọ́ọ̀lù, ó fi orí gbá àárín àwọn ọmọ wa, ó ṣubú síbi tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ojú lásán sọ. Rẹfirí ní ká gbé ẹ̀wọ̀n wá. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin ènìyàn dìde dúró. Ó gba ẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ mi níbi tí klíìpù wà, ó gbé e lé orí ilà, wọ́n fa ẹ̀wọ̀n le. Ọ̀pá iwájú balẹ̀. Bọ́ọ̀lù fi ìbú àtàǹpàkò kan kù.

Bọ́ọ̀lù di tiwa. A dì í mú títí eré fi parí.

Ká ní mo fi klíìpù síbi tó yẹ, wọn ìbá kọjá. Mo ti ṣírò rẹ̀ láti àná, iye kan náà ló ń jáde.

Gbogbo àdúgbò ń fun fèrè mọ́tò. Lorna dì mọ́ mi, ó ní, “Ṣé inú ẹ ti wá dùn báyìí?” Mo ní inú mi dùn. Ní ìrọ̀lẹ́ yìí mo rí Gus lórí àkàbà, ó ń tú àsíá rẹ̀ sílẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ti ń retí kó sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí mi, mo tiẹ̀ ń gbàdúrà fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bọ̀ mí lọ́wọ́. “Ray, ẹ nà wá gbangba. Wọ́n wọ̀n ọ́n, ó kù. Kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀.”

Ọwọ́ tí mo fi gbá tirẹ̀ mú, òun náà ló sún klíìpù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

N kò lọ síbi iṣẹ́. Inú rírun, mo ní.

Ọjọ́rú, 11

Ọ̀gá Tibbs pè mí láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ó ní òun ti rò ó tán. Ó ní òun ò lè sùn mọ́ láti ìgbà tí àjọ ti ní kò sí ẹlẹ́rìí, pé agbára káká lòun fi dúró kí eré ọjọ́ Àìkú parí, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé a ń wá ojúure. Ó ti pè wọ́n. Ó ti dárúkọ mi. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe máa gba ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú Alágbẹ̀dẹ gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ Ológbò. Ó ní, “Mo sọ fún wọn pé ọdún mọ́kàndínlógún lo fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi, o ò sún òrùka kan rí. Mo ní tí ẹ ò bá gba Ray gbọ́, ẹ má gba èmi náà gbọ́. Wọ́n ti gbà. Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́wàá. Wàá gbọ́wọ́ lé Bíbélì, wàá sọ ohun tójú rẹ rí. Ray? Ṣé o wà níbẹ̀?”

Mo ní mo wà níbẹ̀, sà.

Ó ní, “O ṣeun, ọmọ mi. O ò dójú tì mí rí.”