Agolo Wàrà Tó Gba Ọdún Mẹ́rin Mi

Shazali ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ní Kairo. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín nínú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ yẹn. Ara wa le, igi dàbínù wa so, ewúrẹ́ bí ìbejì.

Ọ̀rọ̀ owó àgbàlagbà ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Ẹni tó bá pé ọdún márùndínláàádọ́rin ni ìjọba ń fún. Mo ti pé e, ṣùgbọ́n ìwé mi ní ó ku ọdún mẹ́rin. Ìyá mi ló fà á. Ọdún tí ogun jà ní Suez ni wọ́n bí mi. Nígbà tí wọ́n ń kó wa kúrò nílé torí omi odò tí ìjọba ń sé fẹ́ bo abúlé wa, mo ti pé ọdún méje. Akọ̀wé inú ọkọ̀ ojú omi ń kọ ọjọ́ orí wa, ọmọ tí kò bá tíì pé mẹ́rin sì ń gba agolo wàrà kan. Ìyá mi pọ̀n mí, ẹsẹ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, ó ní ọmọ ọdún mẹ́ta ni mí. Àbúrò mi tó ń ṣàìsàn ló mu tiẹ̀ àti tèmi, nítorí náà n kò bínú.

Mo ti lọ sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àpótí kéékèèké mẹ́jọ ni wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ ìbí sí. Mo kọ ogun Suez débi tó gbà á dé, mo kọ ìyókù sẹ́yìn ìwé. Makram, akọ̀wé wọn, ní Alhaja, ogun kì í ṣe ọjọ́ ìbí. N kò tíì dé Mẹ́kà, mo kàn ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí n mú ẹlẹ́rìí tó dàgbà jù mí lọ wá. Mo mú Zubeida, ọmọ àbúrò rẹ, àti fóònù rẹ̀ lọ, torí fóònù náà mọ ọjọ́ tí ogun náà bẹ̀rẹ̀, ó sì mọ ọjọ́ tí èèyàn kọ́kọ́ rìn lórí òṣùpá, nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Makram béèrè ọjọ́ orí fóònù náà. Zubeida dáhùn pé ọdún méjì ni. Makram ní kò tíì dàgbà tó.

Mo wá jókòó ṣírò. Ọdún tí wọ́n jagun nínú oṣù Ramadan ni mo wọlé bàbá rẹ, ọdún kejì ni mo bí ọ. Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé ìbí rẹ pé ìyá ọmọ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ìwé tèmi á ní mẹ́tàlá ni. Mo rò ó fún Makram, ó ní kí n mú ìwé ìbí rẹ náà wá. Ìwọ tí mo bí ni yóò wá jẹ́rìí sí ìbí mi.

Fi ìwé náà rán ẹni tó ń bọ̀ wálé. Má fi í gba inú fóònù, kó má baà ya lójú ọ̀nà. Fi owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ sí i. Bó bá ti dé, mo ń lọ lọ́jọ́ Ajé. Bí wọ́n bá dá mi padà, màá lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí o lo gbogbo ọdún rẹ pé, kí ẹnikẹ́ni má yọ ọ̀kan kúrò nínú ẹ̀.

Ìyá rẹ,
Nabra, ẹni ọdún márùndínláàádọ́rin.