Ọ̀rọ̀ Èènì Tí Mo Kọ Sínú Ìwé Bọ́ọ̀dù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ẹní híhun, ẹ kú àmójútó gbogbo ilé. Bàámi, ẹ kú odò, ẹ kú ewu omi. Mo kúnlẹ̀ síbi tí mo wà. Màmá Àgbà, mo kí yín, mo tún yín kí. Tósìn àbúrò mi, ìwọ tí wàá kà á fún wọn, mo mọ̀ ẹ́, má fo ibì kankan. Ibi tí ojú bá ti ń tì ẹ́, ibẹ̀ gan-an ni kó o kà sókè. Ẹnikẹ́ni tó bá wà nílé lọ́jọ́ náà, aládùúgbò o, ará ìjọ o, kó jókòó gbọ́. Mo mọ̀ pé ìròyìn kan ti ṣáájú mi dé ọ̀dọ̀ yín. Ìròyìn yẹn kì í ṣe irọ́ tán, kì í sì í ṣe òótọ́ tán. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni mo fi ojú mi rí.

Ara mi le. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Kì í ṣe irú àárẹ̀ tí oorun máa ń gbé lọ. Tí mo bá jí láàárọ̀, ṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnì kan ti lo ara mi kí n tó jí.

Ọyẹ́ ti dé. Ní Ìkàrẹ́ níbi tí mo ń gbé, ó ṣì ṣeé fara dà, ṣùgbọ́n Ọ̀kà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo máa ń wà láràárọ̀. Tá a bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, kùrukùru á bo gbogbo àpáta, mi ò ní mọ̀ bóyá etí mi ṣì wà lórí mi. Ẹ̀yin tí ooru ń pa, ẹ ò lè mọ̀. Omi náà tún ni. Lọ́dọ̀ yín omi yí ilé ká, kò ṣeé mu. Níbí, èyí tó ṣeé mu, àfi kéèyàn tò fún un. Àwọn ọmọbìnrin tá a jọ ń tò ń pè mí ní Ará Omi. Tí mo bá ti la ẹnu, wọ́n á ní kí n tún un sọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n láwọn ò mọ̀ pé ẹja ń sọ Yorùbá. Yorùbá tiwọn náà kò sì yé mi tán. Mi ò kì í bá wọn jà. Mo máa ń pọn omi mi, mo máa ń lọ.

Màámi, ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ ọ̀gá mi fún yín lórí fóònù. Mo ní iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa gba àwọn bọ́ọ̀dù nímọ̀ràn, ìyẹn àwọn àgbààgbà tó ń ṣàkóso ilé-iṣẹ́: iye tó yẹ kí wọ́n máa san fún ọ̀gá àgbà, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí i, àti ẹni tó yẹ kó jáde síta nígbà tí wọ́n bá ń sọ ọ́. Ẹ wá bi mí pé ṣé ẹni tó fẹ́ sanwó kò mọ iye tó fẹ́ san ni. Mo sọ ọ́ fún Mádàámù ọ̀gá mi lọ́jọ́ kejì. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, wọ́n ní ká ní gbogbo bọ́ọ̀dù tí àwọn ti bá jókòó l'Ékòó ló ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ nínú, ebi ì bá ti pa àwọn kú.

Ọmọ Ọ̀kà ni Mádàámù. Wọ́n fẹ̀yìn tì l'Ékòó, wọ́n padà wálé, wọ́n fi yàrá iwájú ilé wọn ṣe ọ́fíìsì. Níbi tí mo ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà ní Ìkàrẹ́ ni wọ́n ti rí mi. Èmi ni mo ń bá wọn tẹ̀wé, tí mo sì ń tú u sí Yorùbá, torí nínú àwọn bọ́ọ̀dù kéékèèké tó wà láyìíká ibí, àgbẹ̀ àti tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù, wọn ò sì ní fọwọ́ sí ohun tí kò yé wọn. Ẹ mọ̀ pé mi ò parí ilé-ẹ̀kọ́. Òkun gbé ilé-ẹ̀kọ́ wa lọ, mo sì dúró síbi tó bá mi. Ṣùgbọ́n Yorùbá, mo mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tí mo rò nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n débi ọ̀rọ̀. Bọ̀dá Délé, àbúrò yín tí mo ń gbé lọ́dọ̀ wọn, láti ìgbà tí wọ́n ti jáde yunifásítì l'Ákùngbá ni wọ́n ti wà nílé-iṣẹ́ kájú ní Ìkàrẹ́, títí wọ́n fi di ọ̀gá àgbà ibẹ̀. Bọ́ọ̀dù ilé-iṣẹ́ yẹn ló ránṣẹ́ sí Mádàámù pé kí wọ́n wá bá àwọn wo owó oṣù ọ̀gá àwọn. Ọdún mẹ́rin ni wọn ò ti fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí mo rí orúkọ Bọ̀dá lórí ìwé, inú mi dùn, mo sáré lọ sọ fún wọn nílé. Sátidé ni, wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní kí n má jẹ́ kí Mádàámù mọ̀ pé ọmọ àwọn ni mí. Wọ́n ní tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á yọ mí kúrò nídìí iṣẹ́ náà, ta ni yóò wá bá àwọn fojú sí i? Wọn ò ní kí n jí ìwé. Wọn ò ní kí n yí nǹkan kan padà. Pé kí n dákẹ́ ni wọ́n ní. Ìyàwó wọn gbọ́ láti kíṣíìnì, wọ́n ń rokà wọn lọ.

Ní Mọ́ńdè, Mádàámù gbé fọ́ọ̀mù kan síwájú mi. Gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ tuntun bá wọlé ni wọ́n máa ń ṣe é, àwọn gan-an ló sì máa ń kọ́kọ́ kọ tiwọn. Wọ́n ní ẹni tó ń pín ẹja kì í kọ́kọ́ mú tiẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ọmọ ìyá ẹ̀ ló fẹ́ pín in fún, kó gbé ọ̀bẹ lé ẹlòmíì lọ́wọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Òyìnbó ńláńlá ni wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù náà. Ó ń béèrè bóyá mo ní ìbátan kankan tó lè mú kí n ṣe ojúsàájú. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀. Mo mú bírò, mo fa igi sínú èyí tó ní rárá. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù títí dòní nìyẹn, Màámi, pé kò ṣe mí ní nǹkan kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi ṣe iṣẹ́ náà. Ìwé tí Mádàámù kọ gbè Bọ̀dá. Wọ́n ní iṣẹ́ tó ń ṣe ti ju owó rẹ̀ lọ, kí wọ́n fi kún owó oṣù rẹ̀, kí wọ́n sì máa fún un ní bónọ́ọ̀sì ní ọdún tí ilé-iṣẹ́ bá jèrè. Ó wá ku kí n tú u. Mo dé ìdí bónọ́ọ̀sì, mo dúró. Mo lè kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ bónọ́ọ̀sì? Ṣùgbọ́n mo ń wá ọ̀rọ̀ tó máa rọ̀ létí àwọn àgbà, nítorí Bọ̀dá. Mo kọ èènì. Mo ní kò sẹ́ni tí inú rẹ̀ kì í dùn tó bá gbọ́ èènì. Ọwọ́ Mádàámù dí lọ́jọ́ náà, wọ́n kàn ṣí ìwé náà wàràwàrà, wọ́n ní ó dáa.

Tọ́sìdeè ni ìpàdé, nínú gbọ̀ngàn ilé-iṣẹ́ ní Ìkàrẹ́. Bọ̀dá jáde síta bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe, wọ́n lọ jókòó lẹ́bàá wíńdò. Mo ń rí orí wọn láti ibi tí mo wà. Èmi ni mo ń ka Yorùbá ẹ̀. Bí mo ṣe dé ibi èènì, ìyá kan ní kí n dúró. Màmá Arigidi ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n, àgbẹ̀ kájú ni wọ́n, àwọn ló sì dàgbà jù nínú bọ́ọ̀dù. Èdè ìlú wọn ni wọ́n ń sọ nílé, Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ lé e ni, torí náà wọ́n máa ń gbé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ̀ wò bí ẹni ń wo ẹyin bóyá ó ti bàjẹ́.

“Ọmọ mi, nínú ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà, ta ló ń fún ẹnì kejì ní èènì?”

Mo ní ẹni tó ń tà ni, mà.

“Délé ń ta iṣẹ́ fún wa, àwa ń rà á. A sì ń sanwó. Èènì tiwa wá dà?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alága tó jẹ́ hẹdimásítà tẹ́lẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú. Ẹnì kan ní kí wọ́n lọ bi Délé bóyá ó gbé èènì dání bọ̀. Mádàámù ń gbìyànjú láti ṣàlàyé pé àṣìṣe ọ̀rọ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́. Mo wo ojú wíńdò. Orí Bọ̀dá wà níbẹ̀, kò mì. Kò sí ìkà nínú ẹ̀rín yẹn, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́rin Bọ̀dá ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Ẹnu mi sì là. Mo ní Bọ̀dá kì í ṣe ojúkòkòrò, mo ní tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, wọn kì í jẹun ọ̀sán, tí wọ́n bá délé, oúnjẹ gan-an kì í lọ lẹ́nu wọn, èmi ni mo máa ń gbé e padà.

Ẹ̀rín tán.

Màmá Arigidi yí ara padà lórí àga, wọ́n wò mí, wọ́n wò mí dáadáa. “Ọmọ ta ni ọ́?”

Màámi, ìbéèrè yẹn náà ni. Fọ́ọ̀mù ti bi mí, mo sì ti fa igi sí rárá. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ló wo ojú mi yìí, ó ní ọmọ ta ni mí. Kí ni mo fẹ́ wí? Ṣé kí n sẹ́ yín níwájú èèyàn méje? Mo kúnlẹ̀. Mo dárúkọ yín. Mo ní ẹ̀gbọ́n Bọ̀dá Délé ni yín, ìyá kan ló bí ẹ̀yin méjèèjì.

Wọ́n pe Bọ̀dá wọlé. Alága bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé èmi ni mo ń tẹ ìwé owó oṣù wọn. Bọ̀dá ní àwọn mọ̀ pé mo ń ṣiṣẹ́ kan l'Ọ́kà, àwọn ò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó jẹ́. Wọn ò wo ojú mi. Èmi náà ò sọ nǹkan kan. Mádàámù wá dìde. Wọ́n ní kí bọ́ọ̀dù ya ìwé náà, pé àwọn bi mí ṣùgbọ́n àwọn ò wádìí, àwọn ò tiẹ̀ béèrè ilé ta ni mo ti ń wá síbi iṣẹ́, àwọn ò sì ní gba kọ́bọ̀. Alága ní kí èmi lọ kọ gbogbo bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí n kọ ọ́ fúnra mi, kí n mú un wá kí bọ́ọ̀dù tó tún jókòó.

Bọ̀dá ò pariwo mọ́ mi. Nígbà tá a délé, wọ́n jókòó, wọ́n tú okùn bàtà wọn, wọ́n ní, “Mosún, tó o bá kọ ọ́ pé èmi ni mo ní kó o dákẹ́, mo ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.” Wọn ò bẹ̀ mí. Ká ní wọ́n bẹ̀ mí ni, mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀yin pè mí ní Sọ́ńdè. Ẹ ní kí n gbà pé èmi nìkan ni mo dá a ṣe. Ẹ ní ọmọdé ni mí, wọn ò ní ṣe mí ní nǹkan, ṣùgbọ́n àbúrò yín ní ọmọ mẹ́ta. Ẹ ní ta ló gbé mi kúrò létí omi nígbà tí kò sílé-ẹ̀kọ́ mọ́. Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ẹ sunkún, mo gbọ́. Mo ní mo ti gbọ́, mà.

Mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Mo kọ ọ́ tán, mo kà á. Mo kọ pé mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, pé èmi nìkan ni mo dá a rò, tí mo dá a ṣe. Ó rọ̀, ó dùn ún kà. Ó wá rẹ̀ mí, Màámi. Mo rò ó pé tí wọ́n bá tún bi mí nípa ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, mo gbọ́dọ̀ rántí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, àti lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kí n sì máa bá Bọ̀dá gbé inú ilé kan, kí àwa méjèèjì máa rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Mo ya á.

Láàárọ̀ òní mo kọ òmíràn, mo gbé e lé Alága lọ́wọ́ nílé wọn. Mo kọ ohun tí Bọ̀dá sọ ní Sátidé tí wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Mo kọ ọ́ pé èmi ni mo mú bírò, ẹnì kankan ò di ọwọ́ mi mú. Mo tún kọ ohun tí wọn ò bi mí, pé gbogbo rere tí Mádàámù kọ nípa Bọ̀dá kò ti ọwọ́ mi wá, kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì tí kò mọ̀ wá rí, wọ́n á rí i pé owó yẹn tọ́ sí wọn. Alága kà á lórí ìdúró. Wọ́n ní kí n máa lọ.

Mádàámù ò lé mi, ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò ní fọwọ́ kan ìwé bọ́ọ̀dù kankan fún ìgbà díẹ̀, kí n máa to fáìlì. Wọ́n ti dín owó mi kù. Èyí tí mo máa ń fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má retí ẹ̀ lóṣù yìí, ẹ má bínú.

Bọ̀dá ò tíì mọ̀ pé mo ti fi ìwé yẹn sílẹ̀. Mo ti di ẹrù mi, bóyá wọ́n á ní kí n lọ, bóyá wọ́n á ní kí n dúró. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń dúró dè wọ́n, torí mo fẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi ni wọ́n á ti gbọ́.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín o. Òkun ò ní dé ẹnu ọ̀nà yín. Bàámi, àwọ̀n yín ò ní gbẹ. Ẹ bá mi kí Pásítọ̀, ẹ bá mi kí gbogbo ìyá tó ń hun ẹní, ẹ ní mo ń kí ẹni tó bínú àti ẹni tí kò bínú. Màámi, tẹ́ ẹ bá ń bínú, ẹ bínú. Ẹ ṣáà pè mí ní Sọ́ńdè.

Èmi ni,
Mosúnmọ́lá, ọmọ yín.