Èkù Ọ̀bẹ Yèyé

Ajé, 18 Fẹ́búárì 2002
Lẹ́tà dé láti Èkó. Ọ̀gá Èkó — ẹ̀gbọ́n mi Olúdáre, orúkọ tí mo ń pè é nínú ìwé yìí nìyẹn — ní bí òun bá wá ṣọdún Àjíǹde, òun á mú Yèyé lọ pátápátá. Ìyá tí kò lè di ọ̀bẹ mú mọ́, kí ló tún ń ṣe ní Ayébọ́dé? Bó ṣe kọ ọ́ nìyẹn. Yèyé ní kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá ní, "Bí mo bá kúrò ní ulé mi, òkú mi ni wọn ó gbé bọ̀."

Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi nídìí máṣíìnì.

Ogójì ọdún ni Yèyé ti ń bó ẹ̀gẹ́ ní ilé gàrí. Láti ìgbà tí làkúrègbé ti wọ ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ọ̀bẹ a máa já bọ́. Kò lọ sí ilé gàrí mọ́, ó ní ó ti rẹ òun. Èmi ò gbà. Èkù ọ̀bẹ yẹn ló tín-ín-rín jù, ìka rẹ̀ ò lè pa dé. Ọ̀bẹ ló kù díẹ̀ káàtó, kì í ṣe Yèyé. Màá ṣe òmíràn. Èmi télọ̀, tí mi ò mọ irin kankan ju àlùmọ́gàjí lọ! Màá ṣe é ṣá.

Ọjọ́rú, 20 Fẹ́búárì
Mo lọ bá Bàbá Ọláyíwọlá, alágbẹ̀dẹ tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkọ̀lé. Má-kánjú ni mo sọ ọ́, torí kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀. Mo ní mo fẹ́ kọ́ ọ̀bẹ ṣíṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. Ó ní ṣé aṣọ ti tán nílùú ni? Mo ro tẹnu mi. Ẹ̀rín tán. Ó ní irin jẹ́ ti òun, igi jẹ́ tèmi: òun á lu ojú ọ̀bẹ láti ara ayùn tó dá, èmi á gbẹ́ èkù. "Ojú ọ̀bẹ ló ń gé ẹ̀gẹ́, èkù tí kò dáa ló ń gé ọwọ́. Má kánjú."

Àbámẹ́ta, 23 Fẹ́búárì
Èkù àkọ́kọ́. Igi gúáfà. Mo gbẹ́ ẹ tín-ín-rín, ó rẹwà bíi ti inú ọjà. Yèyé dì í mú, ó já bọ́. Tín-ín-rín tí mo ń sá fún náà ni mo tún lọ gbẹ́. Orí mi pé báyìí?

Ìṣẹ́gun, 26 Fẹ́búárì
Èkejì. Ó tóbi, ó rí roboto bí ọmọ odó. Ó kún ọwọ́ — ó sì ń yí. Bó bá ti kan ẹ̀gẹ́, ojú ọ̀bẹ á kọjú síbòmíràn. Má-kánjú ní kí n tẹ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pẹlẹbẹ díẹ̀, kí ọwọ́ lè mọ ibi tí ojú ọ̀bẹ wà láìwò ó. Mo ní ṣé kò lè bá mi parí rẹ̀ lónìí? Ó ní ọwọ́ mi ò tí ì tẹ èkù, mo ti ń béèrè ọ̀bẹ.

Àtàǹpàkò mi ti bó.

Ẹtì, 1 Máàṣì
Má-kánjú ní kí n gba ìwọ̀n ọwọ́ Yèyé. Ojoojúmọ́ ni mo ń wọn ènìyàn — àyà, ìdí, apá — mi ò wọn inú ọwọ́ rí. Mo mú ẹ̀bà àná tó ti le, mo ní, "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ọwọ́ wá." Ó na ọwọ́ ọ̀tún. Ó fún ẹ̀bà náà, ìrora hàn lójú rẹ̀. Ó ní oúnjẹ tí ènìyàn ìbá jẹ ni mo ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n gbogbo ojú ìka ló hàn lára rẹ̀. Orí ọ̀kadà ni mo gbé e dé Ìkọ̀lé, mo bò ó mọ́ àyà. Ọlọ́kadà ní kí ni mo gbé pamọ́? 

Ọjọ́bọ̀, 7 Máàṣì
Ẹ̀kẹta. Ó bá ojú ìka mu, mo sì gbẹ́ ibi tí àtàǹpàkò á sinmi lé. Mo fi sánpépà dán an, mo fi epo pa á, ó ń kọ mọ̀nà. Má-kánjú wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó yẹ kí n ti fura. Nílé, omi ẹ̀gẹ́ kàn án, ó di ẹja àrọ̀. Mo sunkún lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo sunkún tán, mo mú fáìlì, mo họ gbogbo dídán náà kúrò.

Àìkú, 10 Máàṣì
Lẹ́yìn ìsìn. Kò já bọ́! Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kan péré ni Yèyé bó, ó gbé e sílẹ̀. Ó ní ó dára, ọmọ mi. Irọ́ ni. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo ti ń gbé pẹ̀lú Yèyé, mo mọ irọ́ rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì
Mo gbàgbé aṣọ oníbàárà sílé, mo padà lọ mú un lọ́sàn-án. Yèyé wà lẹ́yìn ilé ìdáná, ó kẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀gẹ́ ló ń bó. Èèpo ń já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, agbọ̀n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Ọ̀bẹ àtijọ́ tó fi àkísà wé ló ń lò, kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ òsì ló fi dì í mú.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ mi, ó sáré yí ọ̀bẹ sí ọwọ́ ọ̀tún, bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́dìí ìkòkò ọbẹ̀. Mo ní, Yèyé, ó ti pẹ́ tó? Ó ní láti ọdún tó kọjá. Ó ní òun kì í ṣe é lójú ènìyàn. Ó ní ìyá ìjọ wo ló ń fi ọwọ́ òsì ṣe oúnjẹ, ta ni yóò ra gàrí ọwọ́ òsì? Ìdí tó fi sá kúrò ní ilé gàrí nìyẹn. Kò sí ohun tó jọ pé ó rẹ̀ ẹ́.

Mo ti ń da ara mi láàmú lórí ọwọ́ tó fi ń kí ènìyàn. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ni mi ò wọ̀n. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ló máa sọ fún ìyá rẹ̀ pé kó na ọwọ́ òsì wá?

Ọjọ́rú, 13 Máàṣì
Mo sọ fún Má-kánjú. Ó ń wo iná. Ó ní a jẹ́ pé irin òun náà ò dáa: ẹ̀gbẹ́ kan ni òun pọ́n, ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ òsì ń bó èèpo lódìkejì. Òun á lu òmíràn. Kò rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́ fún un nínú ọkàn mi.

Yèyé kọ̀ láti fi ọwọ́ òsì fún ẹ̀bà.

Àbámẹ́ta, 16 Máàṣì
Yèyé gbà. Ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń fún un.

Ẹtì, 22 Máàṣì
Ẹ̀kẹrin. Má-kánjú fi iná mú ìdí irin náà pọ́n, ó tì í wọ inú igi, èéfín gúáfà gba ojú wa. Nílé, Yèyé ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ẹ̀gẹ́ mọ́kànlá láìsinmi! Ó ní ọwọ́ ò dun òun, ó ń wo èkù náà lọ, ó ń wò ó bọ̀. Mo jó.

Lẹ́yìn náà mo sọ òótọ́: bí ẹ bá fi í pamọ́ fún Bọ̀ọ̀dá Olúdáre, Èkó lẹ̀ ń lọ nìyẹn. Ó ní kí n jẹ́ kí òun ronú.

Àbámẹ́ta, 30 Máàṣì
Ọ̀gá Èkó dé láago mẹ́rin. Kó tó jókòó ló ti ń béèrè báàgì Yèyé.  Yèyé gbé àpótí síwájú ilé — iwájú ilé, o! — ó fa agbọ̀n ẹ̀gẹ́ mọ́ra, ó mú ọ̀bẹ. Ọwọ́ òsì.  Ó bó ọ̀kan. Ó bó èkejì. Àwọn obìnrin tó ń kọjá kí wa, wọ́n sì ń wẹ̀yìn wò.

Mo rò pé Ọ̀gá Èkó á pariwo pé ó ń dójú ti òun. Kò pariwo. Ó ní, "Yèyé, ẹ̀yin náà?" Ohùn rẹ̀ kéré. Ó ní òun ò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí Yèyé ti ń fi ọ̀já de ọwọ́ òsì òun mọ́ ẹ̀yìn kí òun tó lè jẹun. Bí òun bá gbàgbé, pàṣán. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni — ó ní Yèyé ló kọ́ òun. Wọn ò tí ì bí mi nígbà náà. Mi ò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ gbogbo ni mo ń fi bó ṣe ń kọ̀wé wúruwùru ṣe yẹ̀yẹ́.

Yèyé dáwọ́ dúró. Ó ní bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà ni òun ṣe tọ́ ọ. Lẹ́yìn náà: "Mo ṣẹ̀ ọ́, Olúdáre. Má bínú." Mi ò rí kí Yèyé bẹ ọmọ rí láyé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yèyé gbé ọ̀bẹ sílẹ̀ fún un, torí a kì í ti ọwọ́ ẹni gba ọ̀bẹ. Ọwọ́ òsì ló fi mú un. Ó pa ìka dé mọ́ èkù náà, ó ní ta ló ṣe èyí?  Ó bó ẹ̀gẹ́ wọ́gọwọ̀gọ. Yèyé ní, "O ti bó ìdajì rẹ̀ mọ́ èèpo!" A bú sẹ́rìn-ín, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi sì ń bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi.

Ajé, 1 Épírì
Olúdáre padà sí Èkó láàárọ̀. Òun nìkan. Nígbà tó jí, Yèyé ti lọ sí ilé gàrí, àfi ká lọ bá a níbẹ̀ kó tó lè dágbére. Àárín àwọn obìnrin ló jókòó sí, ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ òsì rẹ̀. Olúdáre dọ̀bálẹ̀ nínú èèpo ẹ̀gẹ́ tòun ti ṣòkòtò funfun. Yèyé súre fún un títí, gbogbo wọn ń ṣe àmín, kò sì dáwọ́ ẹ̀gẹ́ bíbó dúró.