Àmì Pupa Lára Fọ́tò Rẹ

Búlọ́ọ̀kù 6, Fúláàtì 3,
H Close, 402 Road,
Festac Town, Èkó.
Ọjọ́ kejì, oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 2008.

Jùwọ́nlọ, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara? Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Port Harcourt? Iṣẹ́ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń gbé yín lọ sórí omi bíi ti tẹ́lẹ̀? Àǹtí Ìkẹ́ tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ńkọ́, àti àwọn ọmọ? Mo gbọ́ pé ibà mú àbígbẹ̀yìn wọn. Mo gbà á ládùúrà pé ara rẹ̀ ti yá báyìí. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Màmá mi ní kí n kí ọ. Bímpé àbúrò mi náà kí ọ, ó ní ṣé o ti yọ ikùn bí àwọn ọ̀gá yín.

Mo mọ̀ pé o rí àwọn fílaṣì mi láti ìjẹta. Má bínú. Kì í ṣe pé mi ò ní káàdì. Bí fóònù rẹ bá ti dún báyìí, àyà mi á já, màá sì pa á. Torí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣeé fi ẹnu sọ ni mo ṣe jókòó tí mò ń kọ ọ́. Jọ̀wọ́, kà á dé òpin kí o tó fà á ya.

O rántí tọ́ọ̀ṣì kékeré onírin dúdú tí o mú wá fún mi ní ọdún Àjíǹde tó kọjá? Inú mi dùn sí i débi pé abẹ́ ìrọ̀rí ni mò ń fi í sí. Nígbà tó yá, mo rí i ní káfè tó wà ní Second Avenue pé àwọn òyìnbó kan ń yọ gílóòbù irú tọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, wọ́n ń fi ojú iná inú ẹ̀rọ tó ń kọ DVD rọ́pò rẹ̀, ó sì ń di léésà. O mọ̀ mí. Mo gbàgbé oúnjẹ. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ti bàjẹ́ kún abẹ́ tábìlì ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Alákijà. Àkọ́kọ́ tí mo tú jó mọ́ mi lọ́wọ́, mo ba ìkejì jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀kẹta gbà. Iná tó jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì náà pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, bí mo bá sì gbé e sún mọ́ ọ̀rá dúdú, á dá ihò sí i lára. Mo pariwo débi pé Bímpé rò pé NEPA ti mú iná dé.

Ó wá ku kí n mọ ibi tó lè dé. Ọ̀rinrin ti sọ ògiri ìta búlọ́ọ̀kù tó kọjú sí tiwa di dúdú, iná náà kò hàn lára rẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n láti fàráńdà wa, mo lè rí ògiri funfun inú pálọ̀ àwọn Fọláyan, ilé Ẹ̀bùn rẹ, gba ojú fèrèsé. Ilẹ̀ ti ń ṣú, kò sí iná NEPA, n kò sì rí fìtílà kankan níbẹ̀, mo bá rò pé kò sí èèyàn nílé. Nǹkan pélébé kan wà lára ògiri náà tó dà bíi bébà. Òun ni mo fojú sùn. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi ta iná sí i. Bí ó bá ti bà á, inú mi á dùn bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n.

Jùwọ́n, fọ́tò rẹ ni.

Ìwọ náà mọ̀ pé kí ẹbí yín tó wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ fún ìwọ àti Ẹ̀bùnlọlá, màmá rẹ̀ sọ pé àwọn yóò kọ́kọ́ gbààwẹ̀, kí Ọlọ́run fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Ohun tí o kò mọ̀, tí èmi náà kò mọ̀ nígbà yẹn, ni pé wọ́n lẹ fọ́tò rẹ mọ́ ògiri pálọ̀ láti máa gbàdúrà lé e lórí. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ nínú òkùnkùn, wọ́n á máa bẹ Ọlọ́run pé bí ọmọkùnrin yìí kò bá jẹ́ ti ọmọ àwọn, kí Ó fi àmì hàn. Àmì sì dé, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀, iwájú orí rẹ gan-an ló bà sí.

Bímpé ló mú ìròyìn wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, pé Màmá Ẹ̀bùn ti jẹ́rìí níwájú ìjọ pé Ọlọ́run fi iná pupa hàn àwọn, àti pé Ẹ̀bùn kò ní fẹ́ ọ mọ́. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo sì tún rántí pé wọ́n kọ ọ́ síbi tí mo ti kọ́ nǹkan náà pé iná yẹn lè fọ́ni lójú. Ìyá àgbàlagbà wà lórí ìkúnlẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí mò ń ta iná sí, èmi ń ṣeré.

Ọjọ́ kejì ni o pè mí. O ń sunkún. Láti ìgbà tí a ti jọ wà ní púráímárì, n kò gbọ́ ẹkún rẹ rí. O bi mí pé kí ni o fi ṣe Ọlọ́run. Mo sì dá ọ lóhùn pé kí o gba kámú, pé bóyá ìfẹ́ Rẹ̀ nìyẹn. Ẹnu mi yìí ni mo fi sọ ọ́, Jùwọ́n, tọ́ọ̀ṣì rẹ sì wà lápò mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

N kò ní purọ́ fún ọ nípa ohun tó fà á. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní mo wà nínú ẹgbẹ́ òkùnkùn, pé wọ́n á yọ mí kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Kí èmi lè máa wọ aṣọ akọrin lọ́jọ́ Ìsinmi ni mo ṣe jẹ́ kí ìwọ máa sunkún. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ̀yìn búlọ́ọ̀kù ni mo wá ń gbà jáde kí n má baà pàdé Ẹ̀bùn.

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo pàdé rẹ̀ náà lẹ́nu géètì. Ọmọ náà ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Bọ̀dá Débọ́lá, tẹ́ ẹ bá bá Jùwọ́n sọ̀rọ̀, ẹ bá mi kí i o. Ẹ ní kó máa jẹun.” Ó tún rẹ́rìn-ín sí mi. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Mo padà sókè, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo tẹ̀lé e dé ọ̀dọ̀ màmá rẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo sì tan iná náà sí ògiri kí wọ́n rí i. Mo rò pé Màmá á gbá mi létí. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Ọlọ́run tó mú kí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ fọhùn, ṣé tọ́ọ̀ṣì ni ò ní lè lò? Ta ló darí ọwọ́ ẹ síbẹ̀?”

Mo ní, “Èmi ni, mà. Mo rò pé bébà lásán ni.”

“Ta ló fi sí ẹ lọ́kàn?”

Mo rí i pé mo ti pẹ́ jù, pé ohun tí mo ṣe ti di ìgbàgbọ́ wọn.

Ẹ̀bùn ló jáde láti kíṣìnnì, ó gba tọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ mi. Ó tan án sí iwájú orí fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ó tan án sí fọ́tò tí Màmá yà nígbà tí wọ́n pé àádọ́ta ọdún. Ó tan án sí kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ àti ìyàwó wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, “Màmá mi, àwọn wọ̀nyí ńkọ́? Ṣé Ọlọ́run ti kọ gbogbo wọn náà ni?”

“Ẹ̀bùn, ọ́ọ̀fù nǹkan yẹn jọ̀ọ́!”

Kò pa á títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Màmá jókòó. Lẹ́yìn náà, wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì mú fọ́tò rẹ jáde. Wọn kò sun ún, wọn kò fà á ya. Wọ́n fi lé Ẹ̀bùn lọ́wọ́, wọ́n ní, “Ní kó máa bọ̀. Èmi fúnra mi ni màá bẹ̀ ẹ́.”

Èmi ti ń dúpẹ́, mo ti ń fẹ́ dìde. Ìgbà náà ni wọ́n bi mí bóyá o mọ̀ pé èmi ni. Mo ní o kò mọ̀. Wọ́n ní nígbà tí o pè mí, kí ni mo sọ fún ọ. Mo sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ.

Màmá kò pariwo. Wọ́n ní, “Débọ́lá, èmi rò pé Ọlọ́run ni. Ìwọ mọ̀ pé kì í ṣe Òun.”

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yẹn ti ń tẹ̀lé mi kiri. Mo ti sọ fún olórí akọrin pé kí wọ́n má retí mi mọ́. Kò sẹ́ni tó lé mi.

Tọ́ọ̀ṣì rẹ ló wà nínú ẹrù kékeré tó bá lẹ́tà yìí wá. Mo ti yọ léésà náà, mo ti fọ́ ọ, mo sì ti dá gílóòbù rẹ̀ padà. Tàn án wò, iná lásán ni. Bá mi kí Àǹtí Ìkẹ́ àti àwọn ọmọ dáadáa. Bí o bá dé Festac, ilé Màmá ni kí o kọ́kọ́ yà, wọ́n ń retí rẹ, Ẹ̀bùn sì ń retí rẹ jù wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, bí o bá fẹ́ rí mi, mo wà nílé lódìkejì. Bí o kò bá sì yà, màá rí ọ láti fàráńdà, n kò sì ní pè ọ́.

Èmi ni ẹni tó ṣì fẹ́ jẹ́ tìrẹ, bí o bá gbà,

Débọ́lá.